Rédà inú ọkọ̀ òfuurufú, afẹ́fẹ́ ojú òkun àti ìṣàn omi: àwọn ìbéèrè tí kì í tán

Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Kàbbà. Láti ọjọ́ tí mo ti mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ rédà tí wọ́n ń gbé sínú ọkọ̀ òfuurufú láti fi wọn afẹ́fẹ́ ojú òkun àti ìṣàn omi níbi ìpàdé àwọn òbí, bí wọ́n ṣe ń dá mi dúró lọ́jà ni wọ́n ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ìbéèrè kan náà sì ni. Mo kó wọn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣíwájú, àwọn tó ń fún orí níṣẹ́ wà nísàlẹ̀.

Kí ni rédà gan-an?

Ẹ̀rọ tó ń ju ìgbì rédíò síta ni, tó sì ń dúró de èyí tó bá kọlu nǹkan tó padà wá. Ẹni tó bá ti dúró lórí àpáta rí tó pariwo, tí ohùn rẹ̀ dá a lóhùn láti òkè kejì, ti ṣe iṣẹ́ rédà láìmọ̀. Àmọ́ ohùn èèyàn ń rin nǹkan bíi 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì rédíò ń rin nǹkan bíi 300,000 kìlómítà láàárín àkókò kan náà.

Ohun tó padà wá yẹn ni màá máa pè ní èsì. Nǹkan mẹ́ta ni à ń kà nínú èsì: bó ṣe pẹ́ tó kó tó dé, bó ṣe lágbára tó, àti bí ohùn rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣe yàtọ̀ sí ohùn tí a fi ránṣẹ́. Èyí àkọ́kọ́ ló ń sọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Èkejì là ń fi mọ afẹ́fẹ́. Ẹ̀kẹta là ń fi mọ ìṣàn omi.

Ṣé rédà ń rí afẹ́fẹ́ ni?

Rárá o. Èmi náà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ó ń rí i, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ohun tí afẹ́fẹ́ ń fi ojú omi ṣe ni rédà yìí ń rí.

Ẹ lọ dúró lórí ògiri ìsédò Kampe ní Èjìbà, nílẹ̀ Yàgbà, ní àárọ̀ kùtù kí atẹ́gùn tó jí. Omi á tẹ́ pẹrẹsẹ bíi dígí, ẹ ó máa rí àwọsánmà nínú rẹ̀. Tí atẹ́gùn bá wá fẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́, apá kan omi á ṣàdédé dúdú, á hunjọ bí ẹ̀yìn ọwọ́ arúgbó, ibi tó dúdú yẹn á sì máa rìn lọ lójú omi títí tí yóò fi pòórá. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń fọwọ́ kan omi. Àwọn ìhunjọ yẹn kéré, àwọn míì ò ju ìbú ìka lọ, àwọn míì ò tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ojú ẹsẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá dé ni wọ́n ń yọ, bó bá ti lọ báyìí wọ́n ti parẹ́. Ìgbì ńlá tó ń gbé ọkọ̀ ojú omi sókè sódò kò ṣeé fi mọ afẹ́fẹ́ ìsinsìnyí, nítorí ó lè jẹ́ ìjì tó jà lánàá níbi tó jìnnà ló bí i. Ìhunjọ kì í pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí wọn ò kàn gbé ohun èlò sójú omi?

Wọ́n ń gbé e. Láti 1997 ni ètò kan tó ń jẹ́ PIRATA, tí Amẹ́ríkà, Faransé àti Brazil jọ ń ṣe, ti ń so àwọn ohun èlò tó ń léfòó mọ́ ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì ní ọ̀nà ibi tó móoru. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò lè sọ ju ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tó wà lọ. Ṣe ló dà bíi kí èèyàn gbé agolo òjò kan sí Kàbbà, kó gbé ìkejì sí Ìlọrin, kó wá ní òun mọ òjò tó rọ̀ ní Mọ̀pà.

Sátẹ́láìtì ti ń ṣe é, kí ni ọkọ̀ òfuurufú tún wá ṣe?

Òótọ́ ni pé sátẹ́láìtì ti ń ṣe é tipẹ́. Ní 1978 ni Amẹ́ríkà gbé Seasat lọ sókè. Oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ péré ló lò kí iná rẹ̀ tó kú, ṣùgbọ́n ó ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ṣeé ṣe. QuikSCAT wá lẹ́yìn rẹ̀ ní 1999, ó sì ṣiṣẹ́ títí di 2009 tí áńtẹ́nà rẹ̀ kọ̀ láti yí mọ́. Ilẹ̀ Yúróòpù ní tiwọn, ASCAT, tó ti wà lókè láti 2006.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé ojú wọn ò mú nǹkan kékeré. Nínú àwòrán afẹ́fẹ́ tí irú wọn ń ṣe, ojú kan ṣoṣo, ìyẹn àyè tó kéré jù tí wọ́n lè fún ní iye tirẹ̀, lè fẹ̀ tó 25 kìlómítà. Èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 12.5. Ojú kan tó fẹ̀ tó 25 kìlómítà á gbé Kàbbà àti gbogbo oko tó yí i ká mì, á wá fún yín ní iye kan péré. Bẹ́ẹ̀, ibi tí omi ti ń ṣe òòyì lójú òkun lè má fẹ̀ ju kìlómítà kan sí mẹ́wàá lọ, ó sì lè má lò ju wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ mélòó kan lọ kó tó tú ká. Ọkọ̀ òfuurufú lè lọ bá a níbẹ̀, kó padà lẹ́yìn wákàtí méjì láti wo ibi tó bá a dé.

Ìdí kejì ni mo fẹ́ràn jù. Bí rédà bá bàjẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú, ẹ ó balẹ̀, ẹ ó tú u, ẹ ó tún un ṣe, ẹ ó sì tún gbéra lọ́la. Ta ló fẹ́ gun àkàbà lọ bá ti sátẹ́láìtì? Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń kọ́kọ́ dán ọgbọ́n tuntun wò nínú ọkọ̀ òfuurufú.

Irú ọkọ̀ òfuurufú wo ni wọ́n ń lò?

Ó pọ̀. DopplerScatt ni rédà tó jẹ́ ti NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ wọn tó ń jẹ́ JPL ní California ló ṣe é. Ọkọ̀ kékeré oní-ẹ́ńjìnnì méjì, King Air B200, ni wọ́n ń gbé e sí. Láàárín 2021 àti 2023, wọ́n lò ó nínú iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n pè ní S-MODE, lójú òkun tó kọjú sí San Francisco. Àwọn ọkọ̀ ojú omi, àwọn ohun èlò tó ń léfòó àti àwọn ọkọ̀ aláìláwakọ̀ wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń wọn ohun kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé rédà ń dá rò, ó ń dá sọ.

Yúróòpù ní rédà tiwọn, OSCAR, tí wọ́n fò lọ sí òkun Iroise létí Brittany ní Faransé ní May 2022. Ìṣàn omi ibẹ̀ le, ó ń lọ, ó ń bọ̀ bí òkun ṣe ń kún tó ń fà. Ibi tó dáa láti dán rédà wò nìyẹn. Rédà kẹta, IWRAP, ńkọ́? Yunifásítì Massachusetts ló ṣe ìyẹn, inú ọkọ̀ òfuurufú P-3 ti NOAA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí òkun àti ojú ọjọ́, ló máa ń wà, àwọn ọkọ̀ tó ń mọ̀ọ́mọ̀ wọ inú ìjì líle lọ. Méjì ni àwọn P-3 yẹn, wọ́n sọ ọ̀kan ní Kermit, wọ́n sọ èkejì ní Miss Piggy, orúkọ àwọn ọmọlangidi inú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tó ń fi ẹ̀mí wọn wé ewu lójoojúmọ́ náà mọ eré ṣe.

Báwo ni ìhunjọ omi ṣe ń di iye afẹ́fẹ́?

Ẹ rántí àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń yan lójú pápá lọ́jọ́ àjọ̀dún àwọn ọmọdé. Tí ẹsẹ̀ wọn bá jọ balẹ̀, ilẹ̀ á dún gbì. Tí olúkúlùkù bá ń gbé tirẹ̀ bó ṣe wù ú, ariwo wúruwùru lásán ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni èsì rédà. Nígbà tí rédà bá fi ẹ̀gbẹ́ wo omi, ìhunjọ tí àlàfo àárín wọn bá gígùn ìgbì rédà mu nìkan ni èsì wọn ń jọ dé pọ̀, tí wọ́n sì ń ro ara wọn lágbára. Àwọn tó kù ń pa ara wọn rẹ́. Bragg ni wọ́n fi sọ orúkọ ìlànà yìí. Ní 1955, ọmọ New Zealand kan tó ń jẹ́ Crombie ṣàkíyèsí rẹ̀ lójú òkun, pẹ̀lú ìgbì rédíò gígùn láti etíkun.

Ìgbì DopplerScatt gùn tó 8.4 mìlímítà, ó sì ń wo omi ní igun 56 dígírì sí òòró. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀ wò: ìhunjọ tó bá a mu jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà márùn-ún, kò ju hóró àgbàdo lọ. Ti QuikSCAT súnmọ́ sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀.

Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń le sí i ni ìhunjọ ń pọ̀ sí i, tí èsì sì ń lágbára sí i. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó sídìí tábìlì fi òye orí nìkan kọ fọ́múlà tó so méjèèjì pọ̀. Ìrírí ni wọ́n fi rí i: wọ́n to èsì rédà àti ohun tí àwọn ohun èlò ojú omi sọ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, lọ́pọ̀ ìgbà tí kò lóǹkà, títí wọ́n fi mọ èyí tó bá èyí mu. Àwọn alágbàṣe oko wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò ní fọ́múlà fún iye ebè tí wọn ó kọ lójúmọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá wo ilẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ fún yín, wọn kì í sì í ṣì í. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá wá kéde jẹ́ ti ibi tó ga tó mítà 10 sí ojú omi, kí gbogbo ayé lè máa sọ èdè kan.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá?

Wọ́n ń wo ibì kan náà láti oríṣiríṣi ìhà. Tí rédà bá kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, èsì máa ń lágbára jù lọ. Tó bá wo ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń lọ, ó máa ń lágbára díẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́. Tó bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, èsì á rẹlẹ̀ gan-an. Áńtẹ́nà DopplerScatt ń yí po lábẹ́ ikùn ọkọ̀, nítorí náà ìgbà tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ ló ti wo ibì kan níwájú, nígbà tó bá kọjá tán ó tún wò ó lẹ́yìn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé iwájú àti ẹ̀yìn afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ìṣirò á gbé ìdáhùn méjì, nígbà míì mẹ́rin, wá, gbogbo wọn á sì dà bí òótọ́. Ẹ ó wá fi ohun tí rédà rí ní àwọn ibi tó wà nítòsí ibẹ̀, tàbí ohun tí àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ti sọ, mú èyí tó tọ́.

Ìṣàn omi ńkọ́?

Ẹ dúró sẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí tírélà sìmẹ́ńtì bá ń bọ̀ láti Ọ̀bàjánà tó tẹ họ́ọ̀nù mọ́lẹ̀. Bó ṣe ń bọ̀, ohùn họ́ọ̀nù á ga. Bó bá ṣe kọjá yín báyìí, ohùn náà á já wálẹ̀. Dírẹ́bà ò yí họ́ọ̀nù padà. Eré ọkọ̀ ló yí ohùn padà létí yín. Christian Doppler, ọmọ ilẹ̀ Austria, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1842.

Omi tó ń ṣàn bọ̀ wá sọ́dọ̀ rédà á mú ohùn èsì ga díẹ̀, èyí tó ń ṣàn lọ á mú un rẹlẹ̀. Díẹ̀ tí mo wí yìí kéré lóòótọ́. Tí omi bá ń ṣàn ní 30 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyàtọ̀ tí DopplerScatt máa gbọ́ jẹ́ nǹkan bíi ìgbọ̀n 60 nínú ìgbì tó ń gbọ̀n ju ìgbà bílíọ̀nù 35 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wíwo tẹ̀ lé wíwo ni wọ́n fi ń mú un: rédà á ju ìgbì kan, á tún ju òmíràn kíá lẹ́yìn rẹ̀, á sì wo bí èsì kejì ṣe yẹ̀ díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Ọgbọ́n míì wà. Ní 1987, Goldstein àti Zebker so áńtẹ́nà méjì mọ́ ara ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Áńtẹ́nà ẹ̀yìn á dé ibi tí ti iwájú ti wò ní ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó bá ti yí padà láàárín méjèèjì ni omi fi ṣàn.

Báwo ni ibi tí rédà ń wò lẹ́ẹ̀kan ṣe fẹ̀ tó?

Ká ní ọkọ̀ wà ní 8.5 kìlómítà sókè, tí rédà ń wo igun 56 dígírì. Láti ọkọ̀ dé ojú omi á jẹ́ nǹkan bíi 15 kìlómítà ní ìdagẹ̀rẹ̀. Ìgbì á lọ, á bọ̀, láàárín ìdá kan nínú 10,000 ìṣẹ́jú àáyá. Bí áńtẹ́nà ṣe ń yí, ó ń kọ òbìrí kan sójú omi tó fẹ̀ tó 25 kìlómítà láti etí dé etí. Ọkọ̀ á sì máa fa òbìrí yẹn lọ síwájú bí ẹni ń gbálẹ̀.

Tíṣà, ọkọ̀ òfuurufú fúnra rẹ̀ ń sáré. Báwo ni wọn ò ṣe ń ka eré tirẹ̀ mọ́ ti omi?

Ọmọbìnrin kan ní SS2 ló kọ́kọ́ bi mí, mo sì ní kó lọ jókòó kí n lọ ronú sí i. Wọ́n ń yọ eré ọkọ̀ kúrò, GPS àti àwọn ẹ̀rọ tó ń mọ ìdúró ọkọ̀ ló ń sọ iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìyọkúrò yìí ṣe lè yí èèyàn lórí.

Ká ní ọkọ̀ ń sá 130 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, rédà sì ń wo ẹ̀gbẹ́. Tí ẹ bá rò pé rédà kọjú sí ẹ̀gbẹ́ gérégé, ṣùgbọ́n tó yẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá dígírì péré, nǹkan bíi 23 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú eré ọkọ̀ á yọ́ wọlé, á sì jókòó bí ẹni pé ìṣàn omi ni. Ìṣàn tí ẹ ń wá fúnra rẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá dígírì! Ara ọkọ̀ lè ká díẹ̀ nínú òtútù òkè kó fa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà wọ́n máa ń fò gba ibì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n wá láti ìhà kan, kí wọ́n tún wá láti òdì kejì. Òkun kì í yí ọ̀nà rẹ̀ padà nítorí pé ọkọ̀ yí padà. Ohun tó bá yí padà bí ọkọ̀ ṣe yí, àṣìṣe rédà ni. Wọ́n tún máa ń fò kọjá lórí ilẹ̀. Ilẹ̀ kì í ṣàn, torí náà bí rédà bá ní ilẹ̀ ń ṣàn, ẹ ti mú un.

Afẹ́fẹ́ náà ń ti omi. Báwo ni wọ́n ṣe ya ìṣe afẹ́fẹ́ kúrò lára ìṣàn?

Ẹni tó bá béèrè èyí ti dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Tó bá jẹ́ ìbéèrè kan ni màá dáhùn nínú gbogbo èyí tó wà lójú ìwé yìí, òun ni màá mú.

Rédà ò gbọ́ ohùn omi. Ohùn ìhunjọ ló gbọ́, ìhunjọ sì ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ju òkúta sínú àgbá omi tó dúró jẹ́ẹ́: òbìrí á máa sáré lọ sí etí àgbá, omi inú àgbá ò sì lọ síbì kankan. Ìhunjọ mìlímítà márùn-ún tí DopplerScatt ń wò máa ń sáré ní nǹkan bíi 30 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí omi tí kò ṣàn rárá. Iye yẹn lè tó ìṣàn tí ẹ ń wá. Afẹ́fẹ́ ló sì ń darí ibi tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kọjú sí.

Ó tún kù. Ìgbì ńlá ń gbé ìhunjọ gùn lẹ́yìn bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ. Lórí ìgbì ńlá, omi ń lọ síwájú. Nínú kòtò rẹ̀, omi ń padà sẹ́yìn. Ká ní ìhunjọ pín dọ́gba sórí àti sínú kòtò, méjèèjì ì bá pa ara wọn rẹ́. Wọn ò pín dọ́gba. Èsì láti apá kan ìgbì máa ń lágbára ju ti apá kejì lọ, rédà á sì máa gbọ́ ohùn apá tó lágbára jù, bí olórí ìpàdé tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń pariwo jù lọ.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé èsì kan náà ló ń gbé iye afẹ́fẹ́ wá nípa agbára rẹ̀. Bí wọ́n bá ti mọ afẹ́fẹ́, wọ́n ti mọ bó ṣe yẹ kí ìhunjọ máa sáré tó àti ibi tó yẹ kó kọjú sí, torí wọ́n ti fi àwọn ohun èlò ojú omi kọ́ ọ. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò, ohun tó ṣẹ́ kù ni ìṣàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn tó bá ní "ìṣàn nìkan la fẹ́, ẹ fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀" pé kò ṣeé ṣe. Rédà tí kò mọ afẹ́fẹ́ kò lè mọ ìṣàn. Bí àtúnṣe afẹ́fẹ́ bá sì ṣì ọ̀nà díẹ̀, ìṣàn náà á ṣì.

Ṣé rédà ń rí abẹ́ omi?

Kò rí i. Omi iyọ̀ kì í jẹ́ kí irú ìgbì yìí wọlé ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Ìṣàn tí wọ́n bá sọ fún yín, ti òkè omi gan-an ni. Èyí tó wà ní mítà 20 nísàlẹ̀ lè máa lọ síbòmíràn.

Ìgbà wo ni rédà yìí máa ń kùnà?

Tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀ ju nǹkan bíi mítà méjì sí mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, kò sí ìhunjọ, kò sì sí èsì. Omi á tẹ́ bíi ti Èjìbà láàárọ̀, ìgbì rédà á kàn yọ̀ lórí rẹ̀ lọ síwájú bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì lórí dígí. Epo tó dà sójú omi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí epo kì í jẹ́ kí omi hunjọ. Ìpalára fún ẹni tó ń wá afẹ́fẹ́ ni, àǹfààní fún ẹni tó ń wá epo.

Òjò burú. Ẹ̀kán òjò ń dá ìgbì padà kó tó dé omi, ó tún ń lu ojú omi ní ìlùkilù. Bí ìgbì rédà bá ṣe kúrú tó ni òjò ṣe ń yọ ọ́ lẹ́nu tó. Ti ASCAT, tó ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ, ń fara dà á ju ti DopplerScatt lọ. Nínú ìjì líle pàápàá, ó máa ń débì kan tí èsì kì í lágbára sí i mọ́ bí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ ń le sí i. Ojú omi ti kún.

Ṣé irú èyí náà ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fi ń mú ọkọ̀ tó ń sáré?

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Doppler náà ni tiwọn. Àmọ́ tiwọn ò níṣẹ́ kan tó jọ pé kó yọ ẹsẹ̀ ìhunjọ kúrò lára taya.

Àwa Okun, òkun jìnnà sí wa. Kí ló kàn wá?

"Okun" la fi ń kí ara wa látàárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n láti Kàbbà dé omi iyọ̀ tó súnmọ́ wa jù ju 200 kìlómítà lọ. Síbẹ̀ ojú òkun yẹn ni òjò wa ti ń bọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, láti Gulf of Guinea, ló ń gbé omi wá sórí iṣu àti kajú wa. Tó bá ti rọlẹ̀, ọyẹ́ á gba ìlú láti àríwá ìlà oòrùn. Láàárín May sí August, omi òkun létí Equator máa ń tutù. Bó ṣe tutù tó, àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, wà lára ohun tó ń darí bí ìgbànú òjò ṣe ń sún lọ sí àríwá. Afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi ló ń mú un tutù. Àsọtẹ́lẹ̀ òjò tí NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, ń gbé jáde lọ́dọọdún kò lè mọ́ kedere ju ohun tí ayé bá mọ̀ nípa omi yẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wa tó wà níbi epo náà ń bẹ níbẹ̀. Ní December 2011, nǹkan bíi 40,000 àgbá epo rọ̀bì dà sómi ní Bonga, ibi tí wọ́n ti ń wa epo láàárín òkun. Nígbà tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ibi tí epo ń lọ, afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi nìkan ló sì ní ìdáhùn rẹ̀.

Sátẹ́láìtì ń wọn gíga omi òkun. Ṣé a ò lè fi ìyẹn ṣírò ìṣàn?

Níbi tó jìnnà sí Equator, a lè ṣe é, wọ́n sì ń ṣe é lójoojúmọ́. Omi òkun kì í tẹ́ dọ́gba. Ó ní òkè, ó ní kòtò. Bí ayé ṣe ń yí kì í jẹ́ kí omi ṣàn tààrà láti òkè sí kòtò, ó ń mú un yí òkè náà po. Ẹni tó bá mọ bí òkè ṣe ga tó lè mọ eré omi. Sátẹ́láìtì SWOT, tí wọ́n gbé lọ sókè ní December 2022, ń ṣe irú èyí pẹ̀lú ojú tó mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Àmọ́ agbára tí ìyípo ayé fi ń darí omi yìí máa ń dín kù bí a ṣe ń súnmọ́ Equator, ó sì di òfo lórí Equator gan-an. Gulf of Guinea wà láti Equator sí nǹkan bíi dígírì mẹ́fà ní àríwá. Ẹ̀yìnkùlé wa gan-an ni ìṣirò yẹn ti ń rẹ̀. Rédà tó ń gbọ́ ìṣàn tààrà kò bìkítà nípa Equator, ìdí sì nìyẹn tí mo fi gbà pé àwa ará ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é lọ.

Ṣé a lè fi wọn odò Ọya ní Lọ́kọ́jà?

Ẹni tó bá rí ẹ̀kún omi ní 2012 àti 2022 á béèrè. Ọgbọ́n áńtẹ́nà méjì ti wọn ìṣàn odò rí: wọ́n ti fi sátẹ́láìtì TerraSAR-X wọn odò Elbe ní Jámánì. Odò Ọya fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, níbi tó ti pàdé Benue.

Ohun méjì ló máa dí wa lọ́wọ́. Rédà tí ojú ìṣàn rẹ̀ fẹ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà á rí ojú mélòó kan péré láti etí odò dé etí kejì, ìdajì wọn á sì kan ìyanrìn. Èkejì, odò kò fẹ̀ bí òkun, afẹ́fẹ́ kì í rí àyè tó láti ti ìgbì dàgbà, nítorí náà fọ́múlà tí wọ́n kọ́ lójú òkun ò ní bá ojú odò mu. Wọ́n á ní láti kọ́ ọ lákọ̀tun. Fún ìsinsìnyí, ọkọ̀ ojú omi tó ń ju ìró sábẹ́ omi ṣì ni ọ̀nà tó dájú jù.

Tí omi bá ń ṣàn lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, ṣé iye afẹ́fẹ́ gan-an ni rédà ń sọ?

Kì í ṣe òun. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà lọ síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ mọ̀ pé atẹ́gùn yẹn á dà bí ẹni pé ó rọlẹ̀. Omi náà ń gun ọ̀kadà. Ká ní afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ní mítà 7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí omi sì ń ṣàn tẹ̀ lé e ní mítà 1. Lójú omi, afẹ́fẹ́ mítà 6 ló wà, ìhunjọ mítà 6 ló máa hù, mítà 6 ni rédà máa kà. Ohun èlò tí wọ́n so mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, tí kò bá omi lọ, á ka 7. Àwọn méjèèjì ò purọ́.

Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń fa omi sì ń tẹ̀ lé eré tí a fi eré fúnra rẹ̀ sọ di púpọ̀, ìyẹn 6 lọ́nà 6 tó jẹ́ 36, sí 7 lọ́nà 7 tó jẹ́ 49. Ìyàtọ̀ mítà kan péré ti gé e kù ní nǹkan bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Scatterometer, bí wọ́n ṣe ń pe irú rédà yìí, tó ń wọn afẹ́fẹ́ nìkan á fún yín ní 6, kò sì ní nǹkan tó máa fi dá 1 tó sọnù padà. Èyí tó ń wọn ìṣàn pẹ̀lú á fún yín ní 6 àti 1 láti inú èsì kan náà, kí ẹ fúnra yín wá rò ó pọ̀.